Iná Tí Kò Ju Ẹnu Ife Lọ

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ọ́ síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìsàn ọmọ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ìjà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ ni obìnrin náà ti di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú gbogbo èrò, ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ yìí mà rọ̀ o, ọwọ́ ẹni tí yóò máa jẹ gàrí tí kò ní yan án. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ìyàwó tuntun kì í fajúro, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì tíì dà nínú mi títí di òní.

Olùkọ́ ni mí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ní ilé ìwé girama kan ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ṣe akọ̀wé ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyẹn náà ń bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nínú. Ó bi mí léèrè nígbà kan pé ìyá ta ni kò lè kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́bẹ̀ sísè tí ìjọba fi ní láti gba èèyàn sí i. Òun ní tirẹ̀ ń gbé ní Ìmoru, nínú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì ń rá, òun ló fi gàrí tọ́ ọ, òun ló fi gàrí rán an níwèé títí ó fi di òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mi ò lè pè é nírọ́. Kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ ká gbàgbé.

Ẹ̀yìn ilé náà ni àgọ́ gàrí rẹ̀ wà. Ààrò amọ̀ gígùn ni, agbada irin fífẹ̀ wà lórí rẹ̀, àwọn obìnrin jókòó tì í pẹ̀lú àfọ́ igbá lọ́wọ́, wọ́n ń rò ó, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, èéfín ń rọ́ sí wọn lójú. Kò sí èyí tí apá rẹ̀ kò ní àpá iná nínú wọn. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pọ̀ jù, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, àpá lórí àpá. Bí àlejò bá wá, á na apá náà síta. "Uná gàrí éè pa ènìyàn," ni yóò wí ní èdè ilé wọn, iná gàrí kì í pa èèyàn. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn débi pé bí mo bá rí gàrí lásán lórí àtẹ, etí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ayé àwọn ológun ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, lásìkò tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ọkọ mi sì ní kí a lọ lo ìsinmi náà ní Ìmoru, níbi tí oúnjẹ kò ti ní wọ́n wa. Mo mọ ohun tí mò ń lọ bá. Mo di ẹrù mi, mo mú ọmọ mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mo wá a tipẹ́ kí n tó rí i, orúkọ tí wọ́n sì pè mí nínú ilé yẹn kí n tó rí i, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ohun tí ọmọ náà jẹ́ sí mi nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ náà sáré wọ àgọ́ gàrí láti lọ bu gàrí gbígbóná jẹ, ó sì fi apá gbá etí agbada. Ó ké. Kí n tó dé ibẹ̀ láti ibi tí mo ti ń fọ aṣọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbé e lé itan. Ibi tó jó kò ju ẹnu ife tíì lọ, nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, awọ rẹ̀ ti ká sókè díẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n da omi tútù sí i. Ó ní omi á jẹ́ kó wú. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe nínú àgọ́ yẹn ló ṣe. Ó bu sítáàṣì tútù tó silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ báàfù ẹ̀gẹ́, ó fi lé e nípọn, ó sì fi àkísà wé e. Fún àgbà, ó parí síbẹ̀, nítorí iná ààrò á yọ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mọ́ wọn lára. Ọmọdé ni wọ́n máa ń fi ọ̀rá kún un fún, torí ọmọdé kò lè ṣe kó má ṣeré lómi. Ó fi ọ̀rá dúdú dì í yípo, ó so ó lókè, ó so ó nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kan kò rí ibi gbà wọlé.

"Ọjọ́ tí sítáàṣì yẹn bá gbẹ, tó ṣí fúnra rẹ̀, ó ti jinná nìyẹn," ó wí. "Ẹnikẹ́ni má tú u o."

Ó ń wo èmi bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ náà sì ti sáré lọ síta, ó ń fi ọ̀rá rẹ̀ ṣe fáàrí fún àwọn ọmọ ìyókù.

Lọ́jọ́ kẹta, ibà gbé e ṣánlẹ̀. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọkọ mi ní ibà lásán ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọsàn tó jẹ ló pọ̀ jù. Mo fún un ní oògùn ibà olómi kíkorò tí mo gbé wá láti Ọ̀wọ̀, ó bì í padà sí mi láyà. Mo ní kí n tú apá rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ṣé ó ń rùn ni? Ṣé ó wú? Ṣé ó ń dùn ún? Kí lò ń wá níbẹ̀?"

Mo tẹ imú mi mọ́ ọ̀rá náà, kò rùn lóòótọ́. Mo tẹ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò ké. Mo fi í sílẹ̀. Ìwà ọgbọ́n ni nígbà yẹn, torí mo ti kọ́ láti máa yan ìjà tí mo bá fẹ́ jà nínú ilé náà.

Ọjọ́ kejì ibà náà ni ara rẹ̀ pọ́n. Ọmọ mi pupa bíi bàbá rẹ̀, nǹkan kì í pamọ́ lára rẹ̀. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló pọ́n, bí ẹni tí oòrùn jó. Ojú rẹ̀ náà pọ́n, ètè rẹ̀ pọ́n, ahọ́n rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìpéǹpéjú ọmọ náà sókè, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Éè ṣe ibà!" ó ké. "Èéyi ni!"

Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀. N kò tíì dárí ayọ̀ yẹn jì í. Àìsàn tó mọ̀ dunjú ló rí, àìsàn tó ti wò sàn lára ọmọ tó pọ̀ ní Ìmoru. Ibà, ojú pípọ́n, ara pípọ́n, bí èéyi ṣe ń ṣe náà nìyẹn, n kò lè bá a jiyàn lórí ohun tí ojú ń rí. Mo kàn ní wọ́n ti gún ọmọ yìí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi láti ìkókó.

"Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni éè jẹ́ kó sú dáadáa," ó dá mi lóhùn.

Láti ìgbà yẹn, òfin èéyi ló kù tí à ń pa mọ́. Wọ́n ti fèrèsé. A kò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́. A kò gbọdọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́, torí abẹ́rẹ́ á lé èéyi padà sínú, á sì pa á síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ẹmu ògùrọ̀ wá, ó fi ń pa ọmọ náà lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń kán an sí i lẹ́nu. Nítorí pé òórùn ohun tí à ń yan máa ń bí èéyi nínú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́, ó bu omi pa iná ààrò rẹ̀, ó sì ní kí àwọn obìnrin rẹ̀ máa lọ sílé. Ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó yan fún ọjà wà nínú àpò, ó ń kan sí i. Mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ká ní ìkà ló fi ṣe é ni, ìbá rọrùn fún mi. Ìfẹ́ ló fi ń pa ọmọ mi lọ, ẹ̀mí rẹ̀ balẹ̀, ó ń kọrin fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ohun tí mo rí tí wọn kò rí ni pé ọmọ náà kò tọ̀. Láti òwúrọ̀, n kò rí ìtọ̀ lára ẹní, n kò rí ìtọ̀ lára aṣọ. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó gbóná. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó tutù. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó la ojú, ó wò mí, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," bí ó ṣe ń kí olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀sán gangan ni. Ọmọ mi kò mọ̀ mí mọ́.

Mo jáde sí pálọ̀ níbi tí ọkọ mi jókòó sí.

"Dádì, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ sí Ọ̀wọ̀ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò. Obìnrin náà ti gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Ìyàwó, jókòó," ó wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́."

"Àgbà wà lọ́jà," mo pariwo mọ́ ọn, "ó sì jókòó lé orí ọmọ náà!"

Ọkọ mi ní kí n má rí i fín. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nínú yàrá, ohun tó rí sọ nìyẹn. Ó ní ká mú sùúrù di ìrọ̀lẹ́, bí kò bá rọlẹ̀, àwọn á mọ ohun tí àwọn á ṣe. Mo wo ọkùnrin tí mo fẹ́, mo sì rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣì jẹ́.

Mi ò dúró de ìrọ̀lẹ́. Mo gba orí ẹsẹ̀ obìnrin náà kọjá, mo gbé ọmọ mi nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ já sẹ́yìn, mo fi orí rẹ̀ ti èjìká mi. Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dìde. Ó fi ọwọ́ kan di aṣọ ọmọ mú, ó na apá kejì dí ọ̀nà.

"Ọma ulé yìí éè jáde," ó wí.

Apá náà wà níwájú ẹnu mi gan-an. Ọwọ́ mi méjèèjì ń gbé ọmọ, n kò ní ohun mìíràn tí mo lè lò. Mo gé e jẹ. Kì í ṣe pé mo fi eyín kàn án, mo gé e jẹ, láàárín àpá iná méjì, títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹmu wò. Ó ké bí ewúrẹ́, ó tú ọwọ́, mo sì jáde sójú oòrùn.

Ọkọ̀ agbégẹdú kan ló ń bọ̀ láti ọ̀nà Okeluse, pákó kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dúró sí àárín títì níwájú rẹ̀. Awakọ̀ náà fẹ́ bú mi, ó rí ọmọ, ó sì ṣílẹ̀kùn. Bí a ṣe fẹ́ gbéra ni ọkọ mi sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gun orí pákó lẹ́yìn. Mi ò ní yìn ín fún ìyẹn. A gba Ifọ̀n jáde sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Nínú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn, mò ń fi ìka kan wá èémí ọmọ mi níhò imú.

Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin, kò dàgbà jù mí lọ, ó sì kanra. Ohun tó kọ́kọ́ tọ́ka sí ni ọ̀rá.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Iná kékeré ni, Dókítà."

"Mi ò bi yín bó ṣe tóbi tó."

Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e. Sítáàṣì náà wá pẹ̀lú àkísà lódidi, ó ń rin. Ojú iná náà mọ́. Kò sí ọyún, kò rùn, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tó fẹ́ jinná. Ọkọ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ó tilẹ̀ ti ń jinná." Dókítà náà ti kọjú sí ọmọ. Ó wọn ìfúnpá ọmọ, ó tún un wọn, ó sì sọ̀rọ̀ sí àwọn nọ́ọ̀sì láì gbójú sókè. Ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti yí bẹ́ẹ̀dì ká. Omi wọlé sí i lápá, omi wọlé sí i lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Wọ́n fọ ojú iná yẹn bí ẹni ń fọ ìkòkò tó jóná. Wọ́n fi rọ́bà kékeré sí ojú ara rẹ̀ láti máa gba ìtọ̀, wọ́n so ike rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ike náà gbẹ.

Ó pẹ́ kó tó ráyè bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé èéyi ni. Ó ní rárá.

"Kòkòrò kan wà tó ń gbé lára púpọ̀ nínú wa, nínú imú, lórí awọ, tí kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ó wọ ojú iná yìí lábẹ́ ọ̀rá. Ibẹ̀ móoru, ibẹ̀ rin, ara rọ̀ ọ́. Kò pọ̀ níbẹ̀, kò tilẹ̀ jẹ ẹran ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí ọyún. Májèlé ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Májèlé yẹn gan-an kọ́ ló sì ń pa ọmọ yín. Àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ ló ń pa á."

Mo ní kò yé mi. Ó fa àga kan, ó jókòó, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Bí kòkòrò bá wọ ara èèyàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tó máa ń já díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á gbé e káàkiri han àwọn ọmọ ogun, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé fìlà olè káàkiri àdúgbò pé ta ló mọ ẹni tó ni ín. Àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ló máa ń dìde. Àwọn yòókù á jókòó sílé wọn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Májèlé tí mò ń sọ yìí kì í dúró de ìbéèrè. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Á so ẹ̀ṣọ́ àti ọmọ ogun pọ̀ tipátipá, ìbáà jẹ́ èyí tó mọ olè náà, ìbáà jẹ́ èyí tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀pọ̀ wọn rẹpẹtẹ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa da ohun ìjà sínú ẹ̀jẹ̀. Ibà yẹn, ara pípọ́n yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú ẹran ara, ìfúnpá á wálẹ̀, kídìnrín á máa wá ẹ̀jẹ̀ tí yóò sẹ́, kò ní rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ̀."

Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí mi nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti gbé nínú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan á sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilé, kí ilẹ̀ tó ṣú, tẹbí tará á ti dìde, ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, gbogbo wọn á máa jà, àwo ilé ara wọn ni wọ́n á sì fọ́. Ṣùgbọ́n inú ara ọmọ mi ni wọ́n ti ń fọ́ àwo yìí.

"Ṣé yóò yè?" mo bi í.

"Mi ò tíì mọ̀," ó wí. "Ẹ máa wo ike yẹn."

Mo wò ó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú mi lè bá a dọ́gba. Ọkọ mi gbé oúnjẹ wá, mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi, kó má dí ike. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kó lọ sunkún níta. Mo bínú sí i, mo bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo bínú sí ara ọmọ mi tó dìde gbógun ti ọmọ mi. Mo gbàdúrà pẹ̀lú ìbínú, mo sọ fún Ọlọ́run pé tí ó bá gba èyí lọ́wọ́ mi, kí ó má retí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo rí i tí nǹkan ṣípò nínú rọ́bà náà. Ó dúdú bíi tíì, ó kéré, ó kán sínú ike. Omíràn tẹ̀ lé e. Mo pariwo débi tí nọ́ọ̀sì fi rò pé ọmọ ti kú. "Ó tọ̀!" ni mò ń ké, "Ó tọ̀!" Mo gbá ìdí ike yẹn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbóná, èmi náà sì wá sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé nígbà tí ọmọ náà ti ń mu omi ẹ̀kọ. Ó fi báńdéèjì wé apá, ó gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ìgò ẹmu kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀ tó rò pé n kò rí. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo ní kò ní wọlé. Dókítà náà ló bá wa níbẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un bó ṣe ṣàlàyé fún mi. Obìnrin náà gbọ́ ọ parí. Ó wá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá méjèèjì.

"Bí ó bá jẹ́ iná gàrí ni, kí ló dé tí èmi kò tíì kú?"

Ìbéèrè náà dára, mo sì kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó dára. Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ara yín ti mọ kòkòrò yìí láti ọjọ́ pípẹ́, Mà. Ẹ̀jẹ̀ yín ti ní ohun tó máa ń mú májèlé yẹn kó tó ráyè ṣe ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ní i. Ọmọdé kò tíì ní i. Fún ọmọdé, kò dìgbà tí iná bá tóbi. Èyí tó kéré ni a kì í fura sí."

"Ẹ ṣé, Dókítà," ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. Ó yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi le."

Ohun tó mú lọ sílé nínú gbogbo àlàyé yẹn nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó lára ọmọ náà, ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ṣí lábala lábala bí èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bọ̀. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí àìsàn yẹn máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tó bá ṣe èéyi náà máa ń bó. Bí ìròyìn náà ṣe dé Ìmoru, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà parí. Èéyi ni, ẹmu ló sì lé e jáde, ìyàwó ló já ọmọ gbà nígbà tó ti ń gbádùn, tó tún wá gé ẹni tó wò ó sàn jẹ. Ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó ní kí ni àǹfààní kí a máa jiyàn, ṣebí ọmọ yè.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí nítorí apá tí mo gé jẹ. Mi ò fẹ́ lọ. Ọkọ mi ni ó bẹ̀ mí, ó wá ń pòwe fún mi, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo ní ẹnu yẹn náà ló gba ọmọ rẹ̀ là. A lọ. Àwọn àgbà ilé jókòó yí pálọ̀ ká, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà láàárín wọn, kò wé apá rẹ̀ mọ́ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Olórí ẹbí ní láti ìgbà tí a ti dáyé, wọn kò gbọ́ ọ rí pé ìyàwó gé ọmọ ilé jẹ. Ó ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," mo wí, "ẹ má bínú pé mo gé yín jẹ."

Wọ́n ń retí ìyókù.

"Àti pé?" olórí ẹbí bi mí.

"Kò sí àti pé, Sà."

Ẹnìkan ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú ọmọ. Mo ní bí ó bá tún fi ọ̀rá di ojú iná ọmọ mi lọ́la, apá kejì ni màá gé jẹ. Gbogbo ilé dìde lẹ́ẹ̀kan, ariwo sọ, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣe apá náà ń na ìka sí mi lójú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Mo ti dárí jì í."

Kò sí èébú tó dùn mí tó ìdáríjì yẹn. Mo ṣì wà lórí eékún mi, mò ń wá ohun tí màá sọ tí yóò ro ó lára, nígbà tí ọmọ mi sáré wọlé láti ìta. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Itan ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gùn, torí kò rántí ọkọ̀ agbégẹdú, kò rántí ilé ìwòsàn dáadáa. Ohun tó rántí ni ẹni tó ń fi nǹkan tútù pa á lára tó ń kọrin. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu awọ tuntun bo ibi tí eyín mi wọ̀.

"Màmá Àgbà, kí ló gé yín jẹ?"

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí dáadáa. Ó lè dárúkọ mi, mo mọ̀ pé ó fẹ́ dárúkọ mi.

"Ajá ni, ọma mi," ó wí.

"Ajá burúkú!" ni ọmọ mi ké. "Ajá olójú kòkòrò! Ọlọ́run á lù ú!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dorí kodò. Èmi ń wo ọmọ náà: ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí itan, ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ohùn rẹ̀ kún gbogbo pálọ̀, itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń bú mi.

"Bú u sí i, ọmọ mi," mo wí fún un láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Bú u dáadáa."